Àwọ̀ Búlúù Tí Ìyá Wa Yàn

Eskil àbúrò mi,

Mo kí ìwọ, ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ ní Ọsirélíà lọ́hùn-ún. Ara wa le ní Drammen níbí nílé. Orúnkún Bàbá ti ń san, yìnyín sì ti yọ́ tán.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Bàbá ló mú mi kọ̀wé. O rántí rọ́bà olómi dúdú tí o fọ́n sí i lára kí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà torí yìnyín má baà jẹ ẹ́, tí Bàbá ò fi bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ títí o fi lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, ó ní òun fẹ́ tún rí àwọ̀ búlúù tí Ìyá wa yàn, tí rọ́bà náà bò mọ́lẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í bó rọ́bà náà, ó kàn ń já wẹ́wẹ́, torí o fọ́n ọn fẹ́lẹ́ jù. Bàbá lọ mú ọ̀bẹ. Tuva ọmọ mi gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní ká fọ́n rọ́bà míì lé ti àtijọ́ lórí.

Bàbá ní, "Ẹni tó fẹ́ bọ́ṣọ lo fẹ́ wọ ẹ̀wù míì fún?"

"Ẹ lọ mu kọfí yín, Bàbá àgbà."

Tuva fọ́n ọn kó nípọn dáadáa. Nígbà tó gbẹ, ó fi èékánná gbé etí ẹ̀, ó rọra fà á, tuntun sì gbé ti àtijọ́ dání kúrò bí awọ. Ọmọ yẹn mọṣẹ́, Eskil.

Búlúù náà ṣì ń dán. Bàbá fọwọ́ pa á títí, ó wá ní, "Eskil ló bá mi tọ́jú ẹ̀."

Jọ̀ọ́, wálé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ bọ̀. A ti bó gbogbo ọkọ̀ náà tán, àfi ilẹ̀kùn awakọ̀. Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ìwọ lo máa wá bó o.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Sigrun