Bẹ́líìtì Lórí Odò Lénà

Màámi,

Ara mi le. Ọkọ̀ náà ń ṣe dáadáa. Láti oṣù tó kọjá ni mi ò ti pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí òtútù má baà sọ ọ́ di òkúta.

Ẹ tún ní kí n máa de bẹ́líìtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ ọ́ mọ́. Lórí odò tó dì tí à ń wa ọkọ̀ gbà yìí, ńṣe la máa ń tú u, ká lè tètè bẹ́ jáde bí yìnyín bá là. Mo sọ ọ́ fún Ayáàlì àbúrò mi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, mo ti ṣèlérí fún Màámi!"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, yìnyín là lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ níwájú mi. Ilẹ̀kùn ṣí. Bẹ́líìtì kò ṣí.

Ẹ bá mi kí ìyàwó rẹ̀. Ẹ ní kó má wulẹ̀ parí ìbọ̀wọ́ kejì tó ń hun fún un mọ́.

Dúlúsítáánì, ọmọ yín.