Ọjọ́ Tí Mo Ṣẹ́rí Padà Lójú Omi Donúsa

                                        Donúsa,
                                        Ọjọ́ kẹfà, oṣù Igbe, 1957.

Sidéris, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, bàbá ìsàmì ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ilé, mo kí ọ̀nà. Ẹ kú àjò Ọsirélíà. Ṣé ara le? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà ń bẹ láàyè, bí ilé wa kò tilẹ̀ kún tó bó ṣe wà nígbà tí o lọ.

O mọ̀ pé kíláàsì kejì ni mo ti kúrò nílé ìwé, nítorí náà má fi ìkọ̀wé mi ṣẹ̀sín. Ọwọ́ tó ń kọ èyí náà ló kan ọkọ̀ mẹ́ta, láìsí bàbá olówó lẹ́yìn mi. Ogójì ọdún ni mo fi ń gba ojú òkun yìí kọjá, n kò sì ṣẹ́rí padà rí. Kò sí erékùṣù tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, àlùfáà Náksos ránṣẹ́ pé ọdún márùn-ún ti pé tí òkun gbé òkú Nikítas àbúrò mi sí èbúté wọn, tí wọ́n sin ín síbẹ̀, kí a wá hú eegun rẹ̀ bí àṣà wa, kí ẹlòmíràn lè rí ibi sùn. Ìyá wa wà lórí àìsàn nígbà náà, wọ́n ti fi òróró mímọ́ kùn ún. Ó ní òun kò ní kú láìjẹ́ pé òun fi ọwọ́ ara òun fi wáìnì fọ eegun ọmọ òun. Èmi àti Stamátis, ọkọ àbúrò wa obìnrin, la jọ lọ.

A hú u láàárọ̀, a kó o sínú àpótí kékeré, a ṣíkọ̀ ní Mutsúna, èbúté Náksos. Òkun rọ̀ bí òróró. Ìwọ náà mọ oṣù Ẹrẹ́nà: á rẹ́rìn-ín sí ọ, á sunkún, á gbá ọ létí, kí o tó jẹ búrẹ́dì kan tán. Atẹ́gùn gúúsù ló kọ́kọ́ gbé wa, eruku pupa bo ìgbòkun. Lójijì ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà náà ni mo gbọ́ àpótí yẹn: kò, kò, kò. Ó dà bí ẹni tí wọ́n tì mọ́nú yàrá tó ń kanlẹ̀kùn.

Stamátis ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ń pè yín o."

Mo ní, "Ìwọ ló ń bá wí. Ó ní kí o yé jẹ àlùbọ́sà, òórùn ẹnu rẹ kò jẹ́ kí òun sùn."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ya àmì àgbélébùú sí àyà. Kò pẹ́ tí atẹ́gùn àríwá fi já lù wá. Òkun funfun báláú. Ìgbòkun fàya láti òkè délẹ̀ lápá kan, omi ń rọ́ wọlé. Mo ń wo ilé ìyá mi lọ́ọ̀ọ́kán lórí òkè.

Stamátis ń gbọ́n omi, ó ń pariwo: "Ẹ jẹ́ ká padà! Òkun kì í fẹ́ òkú nínú ọkọ̀!"

"Ìyá mi ń kú lọ lọ́hùn-ún!"

"Ṣé eegun mẹ́ta lẹ fẹ́ kí wọ́n fọ̀ ni?"

Sidéris, mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni èyí tí mo sọ fún Nikítas lọ́jọ́ tó kú. O wà níbẹ̀. Ó ti jáde, ó rí ojú ọjọ́, ó sì padà wá sí èbúté wa. Mo ní, "Ọmọ bàbá wa kì í ṣẹ́rí padà. Lọ wọ yẹ̀rì ìyá rẹ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá wa ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́bàá ògiri, ó ń gbọ́. Ni àbúrò mi bá tún wọ ọkọ̀. Ẹyin lohùn, ọ̀rẹ́ mi.

Ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun. Kò, kò, kò. Mo fa ìtọ́kọ̀, mo ṣẹ́rí padà. Mo gbé àpótí sáàárín orúnkún mi títí a fi dé Mutsúna. Àwọn apẹja tó wà létí omi rí i pé èmi ni. Kò sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbá sàn kí wọ́n fi mí ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, òkun dákẹ́ bí wàrà nínú àwo, a sì gúnlẹ̀ sílé. Ìyá wa ṣì wà láàyè. Wọ́n gbé e jókòó, ó ń fọ eegun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé agbárí lé itan.

Ó ní, "Àná ni mo ń retí yín."

"Ìyá, atẹ́gùn ló yí. Mo ṣẹ́rí padà ni."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Àṣé ó ṣeé ṣe."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ wọ́n. Kò wo ojú mi. Ní Ọjọ́bọ̀ ó kú, kò sì bá mi sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́.

Stamátis àti ìyàwó rẹ̀ ní kí n kí yín. Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi.

Nínú àwa tó wà ní èbúté lọ́jọ́ yẹn, èmi àti ìwọ nìkan ló kù. Jọ̀ọ́, fi èsì ránṣẹ́, má sì ṣàánú mi: nígbà tí mo sọ̀rọ̀ yẹn, ṣé Nikítas wo ojú mi kó tó wọ ọkọ̀? N kò rí i. Ẹ̀rín ni mo ń rín.

Tìrẹ náà ni mo ṣì jẹ́,

Zannís