Mo Ṣe Sàláámù sí Fóònù Rẹ Lẹ́ẹ̀mẹta

Tóyọ̀sí ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run wọ yàrá rẹ ní Ajangbadi, kó rí ibi jókòó, kó má dúró lẹ́nu ọ̀nà bí èmi. Ṣé ara le? Ìyá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú yẹn bí mẹ́ta, òrùlé ẹ̀yìn ṣì ń jò.

Ìwé ni mo kọ, mi ò fi fóònù ránṣẹ́, nítorí mi ò mọ iye ènìyàn tó ń wo inú fóònù. Ẹ̀kọ tútù ni mo fi lẹ̀ ẹ́ pa, mo gbé e fún Àlàó awakọ̀ pé kó fún ọ ní Ìyànà Ìbà, kó má sì tú u wò. Ó ní kí ló wà níbẹ̀ tóun fẹ́ tú wò. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fi ẹ̀kọ kún un.

Ìyá rẹ ní o pè, o ní Bàámi kì í wo àwòrán tí o ń gbé sójú Wọsáàpù mọ́, ṣé inú ń bí wọn ni. Inú ò bí mi. Mò ń wá síbẹ̀ lójoojúmọ́. Tí mo bá ti rí òrùka aláwọ̀ ewé yẹn lára orúkọ rẹ, màá bọ́ bàtà, màá ṣe sàláámù sí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, màá sì dúró díẹ̀ láàárín. Ẹnikẹ́ni kì í dáhùn, ni mo bá ń padà. Alfa Yínúsà ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, pé ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn, tó kí i lẹ́ẹ̀mẹta tí kò gbọ́ èsì, kó yí padà, kó má yọjú. Nítorí ojú ni wọ́n ṣe ní ká máa tọrọ ààyè. Ìyá rẹ ní ó kù kí n gbé àga fún fóònù. Ó ní òun ń wo tòun láìkí ẹnikẹ́ni, fóònù ò sì bú òun rí. Mo ní kó ṣọ́ra, nítorí fóònù yẹn ń kọ orúkọ ẹni tó wò àti aago tó wò ó sílẹ̀, bíi màláíkà èjìká òsì tó ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹni.

Bóyá mo ṣì í gbọ́. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mi ò kéwú jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Ejò ọ̀hún rè é. Nígbà tí mo wá kí ọ lẹ́yìn Iléyá, o lọ ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé, fóònù rẹ tàn lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kí n dà á dojú dé ni o, àṣé ojú mi ti ṣáájú ọwọ́ mi débẹ̀. Dámilárá tí ẹ jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù Alaba ló kọ ọ́, pé ó ti pé oṣù méjì tí ọ̀gá ti dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́, ìgbà wo lo fẹ́ sọ fún bàbá rẹ. O wọlé, o kírun, o ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Mo ní àmín.

Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo lọ bá Alfa, mo ní ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó wo fóònù ọmọ rẹ̀. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí ọkùnrin náà, pé Kùránì ní ká má tọpinpin ara wa, kó lọ bẹ ọmọ náà, kó sì bo ohun tó rí. Ibẹ̀ ló ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá bẹ̀ ọ́, mo ti tú u nìyẹn. Bí mo bá bò ó, mi ò tíì bẹ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ ìwé yìí, mo ya mẹ́ta. Jọ̀ọ́, forí jì mí. Mi ò sọ fún ìyá rẹ.

Bí mi ò bá tọrọ owó, o ò ní gbà pé èmi ni mo kọ ọ́. Owó páànù tí mo ní kó o fi ránṣẹ́, fi jẹun. Òjò ti ń gba ibẹ̀ wọlé tipẹ́, kò ṣe sàláámù fún wa rí, a sì ti mọ́ra. Káàdì igba náírà péré ni mo ń tọrọ, kí n lè pè ọ́ lọ́jọ́ tí o bá gbà mí láyè. Gàrí wà lọ́wọ́ Àlàó.

Ọlọ́run tó ń rí inú yàrá láìyọjú á bo àṣírí rẹ, á ṣí ọ̀nà iṣẹ́ fún ọ.

Sàláámù àléékúmù. Sàláámù àléékúmù. Sàláámù àléékúmù. Ẹ̀kẹta nìyẹn. Bí o ò bá dáhùn, Alfa ní kí n máa lọ ilé. Màá kọ́kọ́ jókòó síta ná.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.