Ère Bàbá Àgbà Amos Níwájú Ilé Ìkàwé

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹta 1984
Wọ́n fi ère amọ̀ hàn wá ní gbọ̀ngàn ìlú. Bàbá Àgbà Amos rèé, ó lóṣòó lẹ́yìn ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ó ń dúró láti hán an. Orí mi wú! Àfi ìgbà tí mo wo ọwọ́ òsì — ìbọ̀wọ́ ràgàjì bíi tìmùtìmù. Béésìbọ́ọ̀lù ti 1878 nìyí, irú ìbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ ò tíì dé! Ọwọ́ lásán ni Bàbá Àgbà fi ń mú bọ́ọ̀lù. Ohun tí ìdílé Pruett fi ń yangàn nìyẹn kí wọ́n tó bí mi. Mo dìde, mo sọ ọ́. Ọ̀gá Ariwo — Orville Stroud, alága ìgbìmọ̀ — ní, "Àǹtí Vinnie, láìsí ìbọ̀wọ́, àwọn ọmọdé á ní omi òjò ni bàbá yìí ń gbà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn á rí mi ná.

Ọjọ́bọ̀, 8
Mo lọ bá Greta tó ń mọ ère. Ọmọ dáadáa, amọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Mo ní láyé ìgbà náà, ọkùnrin tó bá wọ ìbọ̀wọ́, obìnrin ni wọ́n ń pè é lórí pápá. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé ti ère náà sọnù. Mo borí!

Ọjọ́ Ẹtì, 9
Ọ̀gá Ariwo ò kí mi nílé ìfìwéránṣẹ́. Ó dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17
Greta ń fẹ́ fọ́tò Bàbá Àgbà. Mo tú àpótí ìránṣọ Ìyá Àgbà Hester, ìyàwó Bàbá Àgbà. Lábẹ́ òwú — ìbọ̀wọ́ kan. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n ti gé orí ìka ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ bí ara èèyàn gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá dúró lókèèrè ò lè mọ̀ pé ìbọ̀wọ́ ni. Òwú ni wọ́n fi kọ A. P. sínú ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ.
Irọ́ ni. Gbogbo ẹ̀. Ojú tì mí.

Ọjọ́ Àìkú, 18
N ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá sun ún, ta ló máa mọ̀? Mo ṣí ilẹ̀kùn sítóòfù onígi, iná ń jó nínú ẹ̀. Mo tún wò ó. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ti ya, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ojú abẹ́rẹ́ wínníwínní, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ Ìyá Àgbà tí mo mọ̀ lára gbogbo kúbùsù ilé yìí. Ó wá awọ tó bá ara ọkọ ẹ̀ mu kí wọ́n má bàa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń lẹ̀ ẹ́, ó sì pa ẹnu mọ́ títí ó fi kú. Kí ni mo fẹ́ sun yìí? Mo ti ilẹ̀kùn sítóòfù.

Ọjọ́ Ajé, 19
Mo gbé ìbọ̀wọ́ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀. Mo ní èmi ni mo ṣi ìlú lọ́nà, pé Ìyá Àgbà ló ń lẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá Ariwo pariwo pé, "Háà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ lásán dí wa létí!" Ó gbà á, ó yí i padà, ó rí àwọn àbùlẹ̀. Ó fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá Ariwo — ohùn ẹ̀ lọlẹ̀! Ó ní, "Àǹtí, màmá yìí náà wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yẹn o."

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Keje
Wọ́n ṣí aṣọ lójú ère níwájú ilé ìkàwé. Greta ti mọ ìbọ̀wọ́ alábùlẹ̀ yẹn sí i lọ́wọ́, kò fo ojú abẹ́rẹ́ kan. Orúkọ méjì ni wọ́n kọ sára idẹ: Amos Pruett, ẹni tó mú bọ́ọ̀lù, Hester Pruett, ẹni tó dáàbò bo ọwọ́ rẹ̀. Mo sunkún lójú gbogbo ìlú. N ò nu ojú.