Àwọn Òyìnbó Orí Àtẹ̀gùn

Bàbá Adérìnsọ́lá, ọkọ mi, ọdún mẹ́ta pé lónìí tí ẹ ti dákẹ́. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Èmi ò lè kọ ọ́, nítorí ẹ ò dákẹ́. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, tí mo bọ́ bàtà nọ́ọ̀sì mi sẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń gbọ́ yín lórí àtẹ̀gùn, níwájú àwọn àwòrán yín, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín sínú.

Adérìnsọ́lá ti jáde yunifásítì, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Beltsville, ní Amẹ́ríkà níbí. Yàrá ìsàlẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ láìkọ́ tán, a ti parí ẹ̀. Àmọ́ àwọn òyìnbó yín ṣì wà lára ògiri: àwọn ọlọ́lá ayé Ọbabìnrin Fikitóríà tí ẹ gé kúrò nínú ìwé ẹ̀fẹ̀ àtijọ́, tí ẹ fi sínú férémù. Ìyáàfin tó wọ ìbọ̀wọ́ dé ìgbúnwọ́. Bàbá tó fi awò sójú kan. Ìyá Ọpẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣì máa ń kúnlẹ̀ kí i, ó rò pé bíṣọ́ọ̀bù wa àtijọ́ ni. Ojú wọn máa ń tẹ̀lé mi gòkè.

Ẹ túmọ̀ ọ̀kan fún mi rí: ìyáàfin ń bẹ àlejò pé kó dúró jẹun, ìránṣẹ́ rẹ̀ sì ti gbé fìlà àlejò dání lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí ló pa yín lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo ayé wá kí wa. Wọ́n ní ká pe àwọn nígbàkígbà. Arákùnrin Déolú sọ tiẹ̀ lórí ìdúró, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wò ó, mo wo àwòrán fìlà àlejò yẹn lẹ́yìn orí rẹ̀, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ẹ̀rín yín ni. Ohùn yín gan-an! Ọmọ yín sáré jáde láti ilé ìdáná, ó ń pe Dádì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a pe akunlé. Adérìnsọ́lá ní, “Mọ́mì, ẹ̀rù àwọn òyìnbó yìí ń bà mí. Ẹ jẹ́ ká kó wọn dànù.”

Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Àmọ́ bí wọ́n bá lọ, kí ni ẹ máa wá wò nínú ilé yìí? Mo ní kí akunlé fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kó kun àyíká wọn.

Mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn. Àárò yín ń sọ mí, mo sì fẹ́ràn yín síbẹ̀. Ẹ má kúrò níbẹ̀ o.