Owó Rẹ Tó Wà Lórí Erékùṣù

Ogunu, Warri,
Ọdún 1976.

Akínsànmí, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ìlú òyìnbó ò tíì wọ egungun rẹ? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní tiwa, a dúpẹ́, a ò fọwọ́ lẹ́rán, àwọn tó ń wa epo ń náwó ní Warri bí ẹni ń da omi nù, ẹja tí ìyá rẹ bá yan kì í dé ọjà kí wọ́n tó rà á tán. Abigail àbúrò rẹ ti ga jù mí lọ. Yorùbá ni mo ń bá a sọ, Píjín ló fi ń dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ràn.

Lẹ́tà rẹ dé. Nígbà tí mo kà á dé ibi tí o ti sọ pé ilé-iṣẹ́ yín tó ń ṣiṣẹ́ nínú òkun ń san owó rẹ sí báńkì kan lórí erékùṣù láàárín òkun, ṣe ni mo bọ́ awò ojú mi. Akínsànmí! Ìwọ ọmọ Ìlàjẹ! Ṣé kò ṣojú rẹ nígbà tí òkun gbé ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé, tó tún gbé ilé bàbá mi tẹ̀ lé e? Pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀ gbígbẹ tí Ọlọ́run dá, erékùṣù lo rí kówó sí? Abigail ní Papa no fear, pé na stone dem dey for there, pé orí àpáta ni ibẹ̀ wà. Mo bi í bóyá ó ti débẹ̀ rí, ó ní rárá. Mo lọ bá Kọ́láwọlé, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń bá àwọn èèyàn gbẹ́rù jáde ní èbúté. Ó ní àwọn olówó ayé ló ń kówó síbẹ̀ nítorí owó-orí ibẹ̀ kéré. Mo bi í pé báwo ni omi ibẹ̀ ṣe ń kún nígbà òjò, kò mọ̀ ọ́n. Ṣé o rí i? Jọ̀wọ́, bí báńkì náà bá ní àjà, ní kí wọ́n gbé tìrẹ sókè.

O tún ní ìjọba òyìnbó sọ pé nítorí ọ̀dọ̀ àwọn lò ń gbé báyìí, àfi kí o jẹ́wọ́ owó erékùṣù yẹn fún àwọn, kí o sì san owó-orí lé e. Ìyẹn ò le, àwa ti rí irú rẹ̀. Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ kọ́kọ́ tukọ̀ dé àwọn odò ibí yìí, àwọn agbowó-orí máa ń dè wá létí omi. Ẹni tó bá ní rìsíìtì ìlú rẹ̀ lọ́wọ́, wọn á ní kó máa lọ, ẹni tí kò bá ní, inú igbó ló ń sá gbà. Nítorí náà mo wọkọ̀ lọ sílé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo san owó-orí ní orúkọ rẹ. Akọ̀wé tó ń gbowó náà bi mí pé iṣẹ́ wo ni ọmọ mi ń ṣe, mo ní inú òkun ló ń ṣiṣẹ́ bíi tèmi, ó sì gba iye tí apẹja ń san. Rìsíìtì náà nìyí nínú àpòòwé. Fi hàn wọ́n, ṣùgbọ́n má fi lé wọn lọ́wọ́ o.

Kọ́láwọlé gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní rìsíìtì wa ò ní ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, kí n sọ fún ọ kí o jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, kí o san án, torí ilé ẹjọ́ ni wọ́n ń gbé ẹni tó bá fi pa mọ́ lọ. Ó ní bí èèyàn bá ti pẹ́ níbì kan, ibẹ̀ ni òfin ń kà á mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n jẹun tán. San owó wọn, ọmọ mi, ibi tí a bá ń gbé là ń ṣe. Àwa náà ń san ti àwọn onílẹ̀ ibí, wọ́n sì ń jẹ́ ká da àwọ̀n wa. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kí wọ́n má kà ọ́ mọ́ ara wọn títí ìwọ náà á fi gbà bẹ́ẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ń wúkọ́ bí arúgbó, fi nǹkan ránṣẹ́ kí n ra òmíràn. Ìyá rẹ ní aṣọ funfun tí òun ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti gbó. Nínú ti erékùṣù ni kí o ti mú un, kí òjò tó dé.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ìyá rẹ. Nígbà tí akọ̀wé fẹ́ kọ orúkọ rẹ, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí ọmọ yìí mọ, ṣé kí òun kúkú fagi lé orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìlú. Mo ní kó má dán an wò. Mo ní òkun ló lọ, ẹni tó lọ sókun tí kò tíì dé, a kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Kí Olúwa tó mọ ojú ọ̀nà omi tukọ̀ rẹ wálé fún wa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Babáyẹmí Akíndúró.