Bàálù Màmá Ti Já Wọn sí Ìbàdàn

Bàbá Ìníolúwa, mo pè yín títí, fóònù yín ò lọ lóko. Ọyẹ́ ò jẹ́ kí bàálù Màmá yín balẹ̀ ní Àkúrẹ́, Ìbàdàn ló lọ já wọn sí. Akínladé tó fẹ́ gbé wọn sì ti wà ní Àkúrẹ́. Á tó wákàtí mẹ́ta kó tó dé Ìbàdàn. Iléṣà níbí súnmọ́ ọn díẹ̀, mo ti lọ.

Ẹ̀rù ń bà mí. Màmá gbàgbé fóònù sí Àbújá, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti fi Ìjẹ̀ṣà kí wọn, wọ́n á wọ mọ́tò rẹ̀.

Ẹ má kúrò nílé o. Tí wọ́n bá dé ṣáájú mi, ẹ tètè pè mí. Mi ò mọ ohun tí màá sọ fún yín bí èmi nìkan bá padà wálé.